Keyless lára mọ́tò tuntun: ṣé ó tó ohun téèyàn ń sanwó lé?

Ẹ̀yin ará mi, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo keyless lára mọ́tò tí mò ń gùn yìí, mo wá fẹ́ pààrọ̀ mọ́tò báyìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi tún délẹ̀ nínú ilé wa. Ọkùnrin tó ń ta mọ́tò fún mi ń kọ gbogbo ohun tó máa wà lára ẹ̀ sílẹ̀, ló bá bi mí pé "Ọ̀gá, ẹ ṣì máa fẹ́ keyless, àbí?" bí ẹni tó ń bèèrè bóyá mo máa fẹ́ táyà. Nígbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́sí, mo ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kí n tó mọ ohun tí mo ń gbà. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kó jẹ́ n lọ rò ó wò ná. Ohun tí mo rò nìyí o, ó gùn díẹ̀, ẹni tó bá ń kánjú lè sáré lọ sísàlẹ̀, mi ò ní bínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, torí òun gan-an ló ń da àwọn èèyàn lórí rú. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní keyless. Àkọ́kọ́ ni rìmóòtù tí gbogbo wa mọ̀, tẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, mọ́tò á ṣẹ́ná, ilẹ̀kùn á ṣí. Ìyẹn ti dàgbà, láti 1982 ni Renault ti fi irú ẹ̀ sára Fuego wọn, mọ́tò tuntun tí ò ní in ò wọ́pọ̀ mọ́, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀. Èkejì ni bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìtíárì tí ẹ́ńjìnnì á jí, láìjẹ́ pé ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò kankan. Ẹ̀kẹta ni keyless gidi, ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ á wà nínú àpò yín, ẹ ò ní yọ ọ́, ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ́ kàn fọwọ́ kan háńdù ilẹ̀kùn, ó ti ṣí nìyẹn. Lára S-Class ti Mercedes lápá ìparí àwọn ọdún 1990 ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀, Keyless-Go ni wọ́n pè é nígbà yẹn, ọkọ̀ olówó nìkan ló sì wà fún. Báyìí ó ti dé ara mọ́tò kékeré.

Ọ̀rẹ́ mi kan sanwó keyless, inú ẹ̀ ń dùn, ìgbà tó gbé mọ́tò délé tán ló tó rí i pé ti ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ṣe fún un, ilẹ̀kùn ṣì ń fẹ́ kó tẹ rìmóòtù. Ó pe ẹni tó tà á, ìyẹn ní "Ẹ̀gbọ́n, keyless náà kúkú ni." Kò sì purọ́ o! Torí náà ẹ má bèèrè pé ṣé keyless wà, ẹ bèèrè pé: tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò mi tí mi ò tẹ nǹkan kan, ṣé ilẹ̀kùn á ṣí? Ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni àbí méjì iwájú nìkan? Búùtù ńkọ́? Torí mo ti rí mọ́tò tí ilẹ̀kùn iwájú ẹ̀ á ṣí wẹ́rẹ́, tí ti ẹ̀yìn á ní òun ò mọ̀ yín rí.

Ó yá, ibi tó dùn. Ẹ má jẹ́ n purọ́, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Ọjọ́ òjò lẹ máa mọ̀ ọ́n. Ọmọ ti sùn sí èjìká òsì, báàgì ilé ìwé ẹ̀ wà lọ́rùn mi, ọwọ́ ọ̀tún gbé páálí kan tí omi ti ń rọ ìdí ẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́tò mi àtijọ́ ni, màá ti gbé páálí sílẹ̀ sínú omi, màá máa fi ìka méjì wá kọ́kọ́rọ́ nísàlẹ̀ àpò ṣòkòtò tó ti lẹ̀ mọ́ mi lára, ọmọ á jí, igbe á ta. Èyí, mo kàn fi ẹ̀yìn ìka kan háńdù ni, ó ṣí, mo ju páálí sẹ́yìn, mo gbé ọmọ sórí ìjókòó ẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òjò rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn nìkan mo sọ fún ara mi pé owó tí mo san ti wọlé padà.

Màmá mi náà, oríkèé ìka wọn máa ń dùn wọ́n, yíyí kọ́kọ́rọ́ nínú ihò ti di ìyà fún wọn, bọ́tìnnì rìmóòtù kékeré yẹn pàápàá ò rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti tẹ̀. Mo yá wọn ní mọ́tò yìí fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ọ̀sẹ̀ yẹn di oṣù kan, tí mo bá pè wọ́n wọ́n á ní "mọ́tò rẹ wà dáadáa, má yọ ara rẹ lẹ́nu." Ẹni tó bá ní irú òbí bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ ra mọ́tò fún wọn, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù ohun tí mo kọ yìí, ẹ fi sí i fún wọn.

Báàgì ìyàwó mi tún ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó mọ ohun tí mò ń wí, ohunkóhun tó bá ti wọ inú báàgì yẹn ti di àwátì. Láyé kọ́kọ́rọ́ ìgbàanì, a máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò bí ẹni ń retí bọ́ọ̀sì, tó ń kó ohun inú báàgì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyìí kọ́kọ́rọ́ wà nísàlẹ̀ báàgì láti Mọ́ńdè títí di Sọ́ńdè, mọ́tò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìyẹn tó.

Àmọ́ ìgbádùn yìí máa ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ o. Tí mo bá gun mọ́tò ẹlòmíì, màá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn màá máa fa háńdù bí òmùgọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti tẹ bọ́tìnnì pa mọ́tò mi tí mo bọ́ sílẹ̀ tí mo ń lọ láìtì í, torí ọpọlọ ti gbàgbé pé ohun kan wà tó ń jẹ́ títì.

Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ohun tó ń bí mi nínú. Èyí tó pọ̀ jù ni pé ẹ ò lè fọkàn balẹ̀ pé ilẹ̀kùn tì. Ẹ tì í, ẹ ti rìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ọkàn yín ní ṣé lóòótọ́ lo tì í? Ẹ padà, ẹ fa háńdù wò, ó ṣí. Ó dáa, ṣé ẹ ò tì í tẹ́lẹ̀ ni, àbí torí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín ló ṣe ṣí? Ẹ tún tì í. Ẹ tún fà á, ó tún ṣí, torí òun gan-an ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ sanwó kó máa ṣe! Mo ti ṣeré yìí títí tí bàbá kan nínú mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi sọ gíláàsì sílẹ̀ tí wọ́n bi mí pé ṣé kò sí. Àwọn mọ́tò kan fún yín ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn títì tẹ́ ẹ lè fi fa háńdù wò tí ò ní ṣí, àwọn mìíì máa ń ká dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ra tó bá ti tì. Ti dígí yẹn lèmi fẹ́ràn jù, torí èèyàn á rí i láti òkèèrè. Ẹ bèèrè bóyá ó wà.

Tẹ́ ẹ bá ń fọ mọ́tò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lápò, ẹ̀ẹ́ gbọ́ kò-kò-kò, ṣí, tì, ṣí, tì, torí omi àti kànkàn ń kan sẹ́ńsọ̀ inú háńdù. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílé kẹ́ ẹ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ò tó nǹkan.

Èyí tó tó nǹkan rèé. Lọ́jọ́ kan, inú báàgì ìyàwó mi ni kọ́kọ́rọ́ wà (báàgì yẹn náà ni), èmi ni mo wà lórí sìtíárì. Mo já a sílẹ̀ níbi iṣẹ́ ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ, ó dágbére, ó ti ilẹ̀kùn. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, nǹkan kan yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rò pé bẹ́líìtì ni, mo tún bẹ́líìtì ṣe mo ń lọ. Ẹ gbọ́ o, tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kò ní kú torí pé kọ́kọ́rọ́ jáde nínú mọ́tò, wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí tó bá lọ kú lójú títì tẹ́ ẹ wà lórí eré ńkọ́? Mo débi tí mò ń lọ, mo paná, mo ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo padà wá, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò sóhun tó jọ ọ́. "Kò rí kọ́kọ́rọ́." Mo pe ìyàwó mi, ó wà nínú ìpàdé, kò gbé e. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni mo fi jókòó nínú mọ́tò tèmi fúnra mi bí alejò. Nígbà tó wá gbé fóònù, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni "Ṣebí mo gbọ́ tó ń dún nígbà tí mo ń bọ́ọ́lẹ̀, mo rò pé o gbọ́." Mi ò sọ̀rọ̀.

Bátìrì ńkọ́? Bátìrì kékeré roboto ló wà nínú kọ́kọ́rọ́ náà, CR2032 ló wà nínú tèmi, ó sì wọ́pọ̀. Torí pé kọ́kọ́rọ́ yìí kì í sùn, ó máa ń tẹ́tí sílẹ̀ tọ̀sán tòru, ó ń jẹ bátìrì ju rìmóòtù lásán lọ. Mọ́tò á ti máa kìlọ̀ fún yín pé bátìrì kọ́kọ́rọ́ ti ń lọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ́ máa sọ pé lọ́la, lọ́la, títí ọjọ́ á fi pé. Lọ́jọ́ tí tèmi kú, mo fọwọ́ kan háńdù, kò dáhùn, mo tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn, mo fẹ́ pariwo. Àṣé kọ́kọ́rọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fara pamọ́ sínú kọ́kọ́rọ́ yẹn láti ọjọ́ yìí! Wọ́n ní kí n fà á yọ, kí n ṣí ọmọrí kékeré kan lára háńdù dírẹ́bà, ihò wà lábẹ́ ẹ̀. Mo wọlé. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Wọ́n ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ tó ti kú yẹn lé ojú bọ́tìnnì ẹ́ńjìnnì gan-an, kí n wá tẹ̀ ẹ́. Ó jí. Ìdí ẹ̀ ni pé chip kan wà nínú ẹ̀ tí ò nílò bátìrì, agbára tó ń ti ara mọ́tò jáde ló ń lò, ó kàn jẹ́ pé ó ní láti sún mọ́ ọn dáadáa. Ibi tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e sí yàtọ̀ láti mọ́tò dé mọ́tò, ti ẹlòmíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ife sí. Kò sẹ́ni tó sọ gbogbo eléyìí fún mi lọ́jọ́ tí mo rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín ṣe é lójú yín, kẹ́yin náà fọwọ́ ara yín ṣe é, lójúmọmọ, níbi tí òjò ò ti rọ̀.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn ṣiṣẹ́ nínú àyà, ẹ ka ìwé mọ́tò kẹ́ ẹ sì bi dókítà yín, torí áńtẹ́nà wà kiri inú mọ́tò keyless, àwọn tó ṣe mọ́tò fúnra wọn ló kọ ìkìlọ̀ ẹ̀ síbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ olè. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan háńdù, mọ́tò á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí sígínà tí ò lè rìn jìnnà, nǹkan bíi 125 kHz, pé "Ta lo wà níbẹ̀?" Kọ́kọ́rọ́ tó bá wà nítòsí á gbọ́, á dáhùn lórí sígínà tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, 433 MHz nílẹ̀ Yúróòpù, 315 MHz ní Amẹ́ríkà, pé "Èmi ni." Ìdáhùn yẹn ní koodu tó ń yí padà nígbà gbogbo, kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ nírọ̀rùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Wàhálà ẹ̀ ni pé mọ́tò gbà pé tí kọ́kọ́rọ́ bá ti lè gbọ́ òun, ó ti wà nítòsí nìyẹn. Kò wọn ọ̀nà. Olè méjì á wá, ọ̀kan á dúró ti mọ́tò, èkejì á gbé ẹ̀rọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé yín níbi tó rò pé kọ́kọ́rọ́ wà. Ti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò á gbé ohùn mọ́tò fún ti ẹ̀gbẹ́ ilé, ìyẹn á sọ ọ́ fún kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ á dáhùn, mọ́tò á ní "ẹ káàbọ̀, ọ̀gá". Wọn ò fọ́ gíláàsì, wọn ò já wáyà, wọn ò tiẹ̀ nílò láti mọ koodu, wọ́n kàn ń ṣe alárinà ni. Ẹ́ńjìnnì á sì jí, bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ pé kò ní kú mọ́ títí wọ́n á fi gbé e débi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ohun tó mú mi jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí méjì àtààbọ̀, òun náà ló ń ran olè lọ́wọ́.

Kì í ṣe àlọ́ o. Lọ́dún 2011 àwọn olùṣèwádìí láti ilé ẹ̀kọ́ ETH Zürich ní Switzerland dán an wò lára mọ́tò mẹ́wàá láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́jọ, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ṣí fún wọn. Láti 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ní Jámánì, ADAC, ń dán tiwọn náà wò, wọ́n ti yẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò wò, èyí tó pọ̀ jù lára wọn ló ṣí. Tuntun ni wọ́n o, kì í ṣe àlòkù.

Ìgbà tí mo kà á, mo dìde lóru mo lọ gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Mo gbé e sínú agolo irin kan tó ní ọmọrí. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́: ẹ ki kọ́kọ́rọ́ sínú agolo yẹn, ẹ gbé agolo dání lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ẹ fa háńdù. Tó bá ṣí, agolo yẹn ò wúlò. Agolo àkọ́kọ́ tí mo lò ò wúlò! Ọmọrí ẹ̀ ò dé dáadáa. Wọ́n tún ń ta àpò kan tí wọ́n fi aṣọ onírin ṣe nínú, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tó bá pẹ́ tó ti ń ya lójú ìrán, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà nínú dúrọ́ọ̀, torí gbogbo èèyàn ló ń gbàgbé ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ń dáhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Mo sanwó kí n má bàa máa yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo wá ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú àpò, ki àpò bọ inú agolo, dé ọmọrí, lálaalẹ́. Ìyàwó mi ní ṣe ni mò ń tẹ́ ẹ ní bẹ́ẹ̀dì.

Ibi tí inú mi ti tún dùn díẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe mọ́tò ti gbọ́, kì í ṣe gbogbo keyless ló rí báyìí mọ́. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tó dáa. Àkọ́kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ tó ń sùn. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú ẹ̀ tó mọ̀ tó bá ń mì, tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ tí ò mì mọ́ fún ìgbà díẹ̀, á sùn, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ẹ máa fi gbé e. Ford fi irú ẹ̀ sára Fiesta àti Focus ní 2019, àwọn mìíì náà ti ń ṣe é. Ó rọrùn, kò lẹ́wà, àmọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lórí tábìlì tẹ́ ẹ sì ń sùn, òun náà ń sùn. Kò lè ràn yín lọ́wọ́ tó bá wà lápò yín tẹ́ ẹ ń rìn kiri ṣá.

Èkejì ló ga jù, UWB ni wọ́n ń pè é, ultra-wideband. Èyí ń wọn ọ̀nà lóòótọ́. Sígínà ń sáré tó ìmọ́lẹ̀, ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, nínú ẹyọ kan péré nínú ẹ̀, ó ti rin nǹkan bíi 30 cm. Mọ́tò á wo bó ṣe pẹ́ tó kí ìdáhùn tó padà dé, tó bá jẹ́ pé inú yàrá ni kọ́kọ́rọ́ wà, àkókò á tú olè fó, kò sí ẹ̀rọ alárinà tó lè jẹ́ kí sígínà dé ṣáájú ìgbà tó yẹ kó dé. Jaguar Land Rover wà lára àwọn tó tètè lò ó. Tí mọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ rà bá ní UWB fún ilẹ̀kùn àti ẹ́ńjìnnì, ẹ gbà á, ẹ má ronú púpọ̀.

Ẹni kan máa ní "torí náà mi ò ní fi keyless sí i rárá, olè ò ní lè gbé tèmi." Rárá o. Àwọn olè kan ti kúrò lórí kọ́kọ́rọ́ pátápátá, wáyà ni wọ́n ń wá lẹ́yìn iná iwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá kọ̀ǹpútà mọ́tò sọ̀rọ̀. Àwọn mìíì á wọlé, wọ́n á ki ẹ̀rọ bọ ibi tí mẹkáníìkì ń ki tirẹ̀ bọ, wọ́n á kọ́ mọ́tò ní kọ́kọ́rọ́ tuntun. Irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń de sìtíárì, èyí tí àwọn bàbá wa ń lò, mo ti ra ọ̀kan. Kò wuyì lójú, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú.

Ohun míì tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú kéré: mọ́tò tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì fún, pàápàá àwọn hybrid (àwọn tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀) tí kì í dún, èèyàn lè bọ́ sílẹ̀ kó rò pé òun ti pa á. Tó bá wà nínú gáréèjì tó so mọ́ ilé, ẹ́ńjìnnì á tún jí fúnra ẹ̀, èéfín carbon monoxide tí ò lóòórùn á máa wọ yàrá. Ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ ní 2018 pé ó ti pa èèyàn tó lé ní ogún ní Amẹ́ríkà láti 2006, àgbàlagbà ló pọ̀ nínú wọn. Láyé kọ́kọ́rọ́ irin, ẹ ò lè mú kọ́kọ́rọ́ wọlé kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́ lóde. Ẹ bèèrè bóyá mọ́tò yẹn á paná fúnra ẹ̀ tí ẹ bá gbàgbé. Tí kò bá ní i, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè nípa ìyá mi yẹn, ẹ fi èyí kún un kẹ́ ẹ tó sáré.

Àwọn tó ń sọ pé kí n má sanwó fún ti ilé iṣẹ́, pé ẹnì kan lè bá mi so ó mọ́ ọn níta, ẹ ṣeun, mi ò ṣe. Mọ́tò tuntun ní ohun tó ń jẹ́ immobiliser, kò ní jí tí ò bá rí chip inú kọ́kọ́rọ́. Kí keyless tí wọ́n so mọ́ ọn níta tó lè jí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní láti tan immobiliser yẹn jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń ṣe é nípa gbígbé chip kọ́kọ́rọ́ yín kejì pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù títí láé. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa: ẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Wáyà tí wọ́n gé ńkọ́, wọ́ráńtì ńkọ́, kí lẹ fẹ́ sọ fún ìnṣúránsì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wá? Tí ò bá ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ wá, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ti fífi fóònù ṣe kọ́kọ́rọ́, mo lò ó fún ọjọ́ mélòó kan lára mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi. Ó dáa, wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí yín láti òkèèrè. Àmọ́ fóònù mi kì í rí alẹ́ kó tó kú, mi ò lè fi mọ́tò kún ohun tó ń gbé.

Torí náà, kí ni mo ṣe? Tó bá jẹ́ keyless àtijọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kì í sùn, tí ò sì sí ọ̀nà téèyàn lè gbà pa á nínú sẹ́tíìnì, màá ní kí wọ́n fi rìmóòtù lásán sílẹ̀ fún mi, bọ́tìnnì kan péré ni, kò lè pa mí láti tẹ̀ ẹ́. Mo padà lọ bá ọkùnrin tó ń tà á, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń sùn?" Ó wò mí. Ó ní "Ọ̀gá, báwo ni kọ́kọ́rọ́ ṣe ń sùn?" Mo ṣàlàyé, ó lọ bi ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ lọ ka ìwé, wọ́n padà wá wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sùn. Mo ní kí wọ́n gbé àga kékeré kan wá. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà, mo ti mọ́tò, mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí àga, mo kúrò níbẹ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. A dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àwa mẹ́ta, à ń wo kọ́kọ́rọ́ lórí àga bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Mo wá lọ fa háńdù. Kò ṣí. Mo tún fà á. Kò ṣí. Mo fi ìka kan ti kọ́kọ́rọ́ lórí àga, mo tún fà á, kò-kò, ó ṣí.

Ọkùnrin yẹn ní òun ò mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti ń tà á. Mo ní kó fi keyless sí i.